Màmá Oníwèé àti Kànga Ẹ̀yìn Ipogun

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ èyí sílẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti jókòó tì mí láti àárọ̀, ó ń fi bíró gbá tábìlì, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ kàn máa sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, èmi á máa kọ ọ́." Ó dáa. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ náà nìyí.

Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni mo ṣe. Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, Àkúrẹ́ ni mo ti darúgbó. N ò mọ̀wé. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga kì í sọ̀rọ̀, torí tí o bá wà nísàlẹ̀ tí o ń pariwo, ohùn rẹ á kàn máa yí po lára ògiri ni, ẹni tó wà lókè ò ní mọ ohun tí ò ń wí. Okùn la fi ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni òkè fa erùpẹ̀ jáde. Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sọ garawa sílẹ̀ padà. Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó fa èmi gan-an jáde. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni mo fi jẹun. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé òun náà á so okùn mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ilé, bóyá òun á máa gbọ́ nǹkan látọ̀dọ̀ mi.

Obìnrin tó ń kọ ìwé yẹn kó dé àdúgbò wa lọ́dún tí wọ́n da ọ̀dà sí títì wa. Ilé kejì sí tiwa ló gbà. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn kan ní olùkọ́ ni, àwọn kan ní ajíhìnrere ni. Ìyàwó mi tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa ló kọ́kọ́ mọ òótọ́, torí kò sí ẹni tó lè jẹ àkàrà rẹ̀ tí kò ní rojọ́. Ó wọlé wá bá mi, ó ní, "Ìwé ni obìnrin yìí ń kọ o. Ìwé ìtàn. Wọ́n ń kà á dé òkè òkun." Gbogbo àdúgbò bá sọ ọ́ di Màmá Oníwèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ rẹ̀, kànga ilé rẹ̀ gbẹ. Ó ránṣẹ́ sí mi. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la lọ, bàbá ọmọ tó ń kọ̀wé yìí. Bí mo ṣe bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu kànga, obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, Bàbá! Oǹdó ni yín!"

Ó ní ọmọ Oǹdó lòun náà, pé láti ìgbà tí òun ti dé Àkúrẹ́, etí òun ò tíì gbọ́ èdè ilé. Láti ọjọ́ yẹn, èdè Oǹdó la máa ń bá ara wa sọ. Ọmọ ọmọ mi ò jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síbí, ó ní àwọn tó máa kà á lè má gbọ́.

Ó gbé àga sẹ́nu kànga, ó mú ìwé àti bíró, ó jókòó. Mo wà nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ó dúró dè mí títí orí mi fi yọ lẹ́nu kànga.

"Bàbá, kí lẹ máa ń gbọ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

"Omi."

"Kí omi tó yọ ńkọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ sún àga yín sẹ́yìn. Ẹ̀ ń da erùpẹ̀ sí mi lórí."

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ó ti gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Obìnrin yẹn ti borí mi."

Ohun tí ìyàwó mi ò mọ̀ ni pé èmi náà fẹ́ bi obìnrin yẹn ní nǹkan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí ìwé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àmọ́ n ò tíì rí ẹni tó ń kọ ọ́ rí. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí a parí kànga rẹ̀, mo dúró.

"Ìtàn tí ẹ ń kọ yìí, ṣé ó ṣẹlẹ̀?"

"Kò ṣẹlẹ̀, Bàbá."

"Irọ́ ni, nígbà náà."

"Kì í ṣe irọ́. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ni kò sí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn wọ́n, ó ń dun àwọn ènìyàn tó wà."

Mo gbé ìyẹn lọ sílé. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Èmi, tí mo bá gbẹ́ kànga, omi á yọ, gbogbo ènìyàn á rí i pé mo ti ṣe é. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ń sọ fún yín pé ẹ ti kọ ọ́ dáadáa?"

Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, n ò mọ̀." Ó ní kí n wọlé wá jókòó. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń jókòó nílé Màmá Oníwèé.

Lọ́dọọdún ó máa ń rìnrìn àjò. Ilẹ̀ Kẹ́ńyà ló ń lọ, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, á sì lò tó oṣù méjì, oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ó ní wọ́n kọ́kọ́ pe òun wá ka ìwé òun fún àwọn ọmọ iléèwé abúlé kan ni. Bí òun ṣe ń kàwé lọ, òun rí àwọn obìnrin lójú fèrèsé, wọ́n pọn rọ́bà omi sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, wọ́n fi okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí, wọ́n tẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Òun ka ìwé náà tán, wọ́n pàtẹ́wọ́, òun jáde, òun tọ àwọn obìnrin náà lọ sódò. Odò náà jìnnà ju ìwé náà lọ, bó ṣe wí nìyẹn. Láti ìgbà náà, ohun tí ìwé rẹ̀ bá mú wọlé, ibẹ̀ ló ń gbé e lọ, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ kan tó ń ràn án lọ́wọ́. Àárọ̀ ló fi ń kọ̀wé, ọ̀sán ló fi ń bá àwọn obìnrin yẹn pọnmi. Wọ́n ti fi àga sí iléèwé náà. Kànga ló kù tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Mo bi í léèrè ohun tó pọ̀. Kí ló dé tí wọn ò ru omi lórí? Irú okùn wo ni? Ṣé kì í dá egbò sí wọn níwájú orí? Mo sọ fún ìyàwó mi kí ó gbìyànjú rẹ̀ wò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi tiwa. Ó fi ọ̀já kọ́ iwájú orí, ó rìn dé ìdí àgbàdo, omi dà sí i láṣọ. Ó ní, "Ẹ sọ fún àwọn ìyàwó ibẹ̀ pé mo kí wọn o. Alágbára ni wọ́n."

Mo wá sọ fún Màmá Oníwèé pé, "Ẹ bá mi bu erùpẹ̀ ibẹ̀ wá."

Ó bù ú wá lóòótọ́. Ọ̀rá mẹ́rin, ó so ẹnu wọn, ó mọ èyí tó ti òkè wá àti èyí tó ti ìsàlẹ̀ wá. Ó ní wọ́n bi òun ní pápá ọkọ̀ òfuurufú pé kí ni òun fẹ́ fi erùpẹ̀ ṣe, òun ní bàbá òun kan ló fẹ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n rò pé ó ń ṣeré. Àmọ́ mo tọ́ ọ wò. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo tú u sórí pèpéle rẹ̀, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo fi ìka pa á, mo fi sórí ahọ́n.

"Èyí pupa bíi tiwa, ó kàn mú ju tiwa lọ ni. Èyí dúdú yìí burú, tí òjò bá rọ̀ á lẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, tó bá gbẹ á la. Èyí dà bí òkúta tó jóná. Omi wà lábẹ́ èyí, ṣùgbọ́n ó jìn."

Ó ń kọ ọ́. Èmi tí n ò mọ̀wé, òǹkọ̀wé jókòó níwájú mi, ó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Orí mi wú díẹ̀, n ò ní purọ́.

"Ìgbà wo ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ, Bàbá?"

"Kí ọyẹ́ dé. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀ títí ọyẹ́ á fi dé. Tí òjò bá ń rọ̀, ibi tí o bá gbẹ́ náà ni omi á ti yọ sí ọ, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀. Ìgbà tí gbogbo nǹkan bá gbẹ ni kí o lé omi lọ sísàlẹ̀. Ibi tí o bá bá a, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀."

"Oṣù kejìlá, àbí?"

"Oṣù kejìlá."

"Ta ló kọ́ yín ní èyí?"

Mo gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́, mo lọ sílé.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó mi kú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọyẹ́ mú gan-an. Ètè ń la, ewé ń jó fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Màmá Oníwèé ò lọ sí Kẹ́ńyà lọ́dún yẹn torí ó ń parí ìwé kan. Mo ń kọjá lójú ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ké sí mi láti orí pèpéle.

"Bàbá! Ẹ wá wo iṣẹ́ yín!"

Ó na fóònù sí mi. Àwòrán kànga ni, owó ti pé, wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Omi ń tàn nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá dúró yí i ká, wọ́n ń jó. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n gbẹ́ tí omi fi yọ, pé gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí, oṣù kejìlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ ń bọ̀ láti òkè òkun wá gé rìbọ́nù, àwọn obìnrin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọ́n.

Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo wo ẹsẹ̀ wọn.

"Kí nìyí lẹ́sẹ̀ wọn?"

"Ẹrẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹrẹ̀ wo nínú ọyẹ́?"

"Òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wọn lánàá. Ó ti tó oṣù kan ààbọ̀ tó ti ń rọ̀."

"Ọyẹ́ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Wọn ò ní ọyẹ́, Bàbá. Ìgbà òjò wọn kékeré nìyí…"

Ó ti gbọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ.

N ò lọ sí ibòmíràn rí láyé mi. Tí mo bá lọ jìnnà jù, Ọ̀wọ̀ ni. Kò tíì wá sí mi lọ́kàn pé ibì kan wà tí òjò ń rọ̀ nígbà tí ọyẹ́ ń mú wa níbí. Mo sọ pé oṣù kejìlá, bí ẹni pé oṣù ló ń gbẹ ilẹ̀. Òun náà mọ̀ pé òjò ń rọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ó ní òun rò pé nǹkan kan wà nínú oṣù kejìlá tí àwọn agbẹ́kànga mọ̀ tí òun ò mọ̀.

Ó ní, "Kò burú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò wá gé rìbọ́nù wọn ná. Tó bá gbẹ, wọ́n á tún gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀."

Mo ní, "Rárá."

"Kí ló dé?"

Mo jókòó. Ohun tí mo sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, n ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí ó fi kú. Ó ṣòro láti sọ.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, abúlé kan lẹ́yìn Ipogun ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún èmi nìkan. Ìgbà òjò ni. Ọ̀gá mi ní kí n dúró. N ò dúró, torí mo fẹ́ kí wọ́n máa pe èmi náà ní agbẹ́kànga. Mo gbẹ́ ẹ, omi yọ ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Wọ́n jó, wọ́n gún iyán fún mi. Mo gbẹ́ ihò kéékèèké sí ara ògiri rẹ̀ tí ènìyàn lè máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà wọlẹ̀ lọ, ó ku ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyàwó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sílé ọkọ mú igbá, ó tẹ ihò mi sọ̀ kalẹ̀ kí ó lè gbọ́n ìwọ̀nba tó kù. Ilẹ̀ tútù ni mo gbẹ́ àwọn ihò yẹn sí. Ó ti gbẹ, ó ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n dì í, ó jinná ní wíwọ́. Awakọ̀ kan tó ń kó kòkó ló sọ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, tí iṣẹ́ bá gbé mi lọ Ìgbàrà-Òkè, n kì í yà sọ́nà Ipogun.

Mo ní, "Tí àwọn obìnrin yín bá ti fi kànga yẹn kọ́ra, wọn ò ní padà sódò mọ́. Tó bá gbẹ, wọ́n á wọ inú rẹ̀ lọ."

Màmá Oníwèé mú fóònù, ó pe ẹni tó gbẹ́ kànga lọ́hùn-ún. Ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí n lè gbọ́, ó ń tú ọ̀rọ̀ wa fún ara wa.

"Ó ní ṣé Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí ni ọ̀gá láti Nàìjíríà?"

"Ọ̀gá wo?"

"Bí wọ́n ṣe ń pè yín nìyẹn níbẹ̀. Ó ní òun ti pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìgbà òjò nìyí, wọ́n ní kí òun pa ẹnu mọ́, pé ọ̀gá láti Nàìjíríà ní oṣù kejìlá."

"Ẹ sọ fún un pé ọ̀gá láti Nàìjíríà ò mọ nǹkan kan."

Ó sọ ọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ó ju ẹnìkan lọ. Ọkùnrin náà tún sọ̀rọ̀.

"Ó ní ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fa okùn tí ẹ bá fẹ́ jáde?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni tàwọn. Ó ní ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè fà á lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ̀."

Ìyẹn dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ bi í ní ohun púpọ̀, àmọ́ ó ní kí òun lọ bo kànga náà kí ẹnikẹ́ni má tíì pọn ọ́n. Wọ́n fi pátákó bò ó, wọ́n kó ẹ̀gún lé e. Màmá Oníwèé kọ̀wé sí àwọn àlejò pé kò sí rìbọ́nù tí wọ́n máa gé. Inú wọn ò dùn. Àwọn kan nínú wọn ò tún gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn dé, ihò yẹn gbẹ fọ́fọ́, ọkùnrin yẹn bá tún wọ inú rẹ̀. Ó lé ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà kí ó tó bá omi nílé rẹ̀.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú òjò, a jókòó sílé rẹ̀, ó ní, "Bàbá, obìnrin ẹ̀yìn Ipogun yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ fi í sínú ìwé. N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ gbà fún mi?"

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn, kì í ṣe tèmi. Ẹ lọ bi ẹni tó ni ín."

"Ta ló máa mú mi débẹ̀?"

Mo ti kó sí i.

Mọ́tò rẹ̀ la gbé lọ, ọmọ ọmọ mi yìí jókòó sẹ́yìn. A kọjá Ìlárá, a yà. Mo ń gbàdúrà kí n má mọ ọ̀nà mọ́, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. A béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gé igi, wọ́n nawọ́ sí ilé kan. Ìyá arúgbó kan jókòó síwájú rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó na ẹsẹ̀ kan tààrà, èkejì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dúró. Mo wo Màmá Oníwèé bóyá á bá mi sọ ọ́. Ó ń wo òkè.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Ẹ káàsán o. Ta lẹ ń wá?"

"Èmi ni mo gbẹ́ kànga yín."

"Kànga wo?"

"Èyí tó gbẹ."

Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí kí oòrùn má ràn sí i lójú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ni! Ìwọ ọmọ Oǹdó tó jẹ iyán wa bí ẹni tí wọ́n ń lé! Wò bí o ṣe gbó!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó má bínú nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Dìde, jàre. Ẹsẹ̀ wo? Èyí? Mo bí ọmọ mẹ́fà lórí ẹsẹ̀ yìí, mo jó níbi ìgbéyàwó gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ kọ́ ló dùn mí." Ó ju èèpo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "A ránṣẹ́ sí ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ránṣẹ́. Àwọn àgbà ilé ní iṣẹ́ ọmọ yẹn dáa, ó kàn kù díẹ̀ ni, kí ó wá gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀ sí i. Ṣé wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọ?"

"Wọ́n jẹ́ ẹ fún mi."

"O ò wá."

"N ò wá."

"Ọdún mẹ́rin la tún fi mu odò yẹn. Odò tó ní sòbìà. Ẹsẹ̀ tí kànga rẹ ò ṣẹ́, òun ni sòbìà yọ jáde níbẹ̀." Ó fi ìka kan ibi tí àpá náà wà. "Kí ló dé tí o ò wá?"

"Ojú ń tì mí."

"Ojú ń tì ọ́." Ó mi orí. "Ojú ń tì ọ́, àwa ń mu odò."

Kò pariwo nígbà tó ń sọ ọ́. Ó kàn sọ ọ́ ni, ó tún mú ẹ̀gúsí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń yà kúrò lọ́nà Ipogun, ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ni mo ń sá fún. Mo rò pé nítorí ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ pè mí, n ò mọ̀ pé wọ́n kàn ń dúró dè mí ni.

Màmá Oníwèé wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé ìwé, ó sọ nípa àwọn obìnrin Kẹ́ńyà àti kànga tó fẹ́ tàn wọ́n jẹ. Ìyá náà gbọ́ ọ tán.

"Wọ́n ti rí omi níbẹ̀ báyìí?"

"Wọ́n ti rí i, Màmá."

"Ó dáa. Tí ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ pé mo lẹ́wà. Ẹsẹ̀ yìí gún régé kó tó ṣẹ́, kí ẹ kọ ìyẹn náà. Ṣé ẹni yìí á wà níbẹ̀?"

"Tí ẹ bá fẹ́."

"Kí ó kọ́kọ́ wá parí iṣẹ́ rẹ̀ ná. Ẹ má kọ nǹkan kan títí omi á fi yọ."

Ó mú wa lọ sẹ́yìnkùlé. Kànga náà ṣì wà. Wọ́n ti da èèpo kòkó kún un. Ẹ̀rọ omi tí ìjọba gbé fún wọn wà lókè lọ́hùn-ún, ó ti bàjẹ́, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ìyá náà ní ìgbà wo ni mo ń bọ̀. Mo ní, "Tí ọyẹ́ bá dé."

Màmá Oníwèé ní, "Ọyẹ́ ibo, Bàbá?" Òun àti ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú wọn.

Ọyẹ́ tiwa dé. Ọmọ mi àti ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń pààrọ̀ ara wọn wọ inú kànga náà, torí orúnkún mi ò gbà á mọ́. Mo jókòó lókè, mo di okùn mú. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe, n ò jókòó lókè rí. Ìyá náà gbé àpótí wá, ó jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá Oníwèé ò mú ìwé dání. Ó ń da garawa erùpẹ̀ nù, gbogbo aṣọ rẹ̀ pupa.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ mi ló wà nísàlẹ̀, okùn ò mira fún ìgbà díẹ̀. Ìyá náà na ọrùn sẹ́nu kànga.

"Kí ló ń gbọ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé omi. Mo wò ó. Mo ní, "Lákọ̀ọ́kọ́, àyà ara rẹ lo máa gbọ́, á máa lù bí ẹni ń gún nǹkan. Lẹ́yìn náà wàá gbọ́ àwọn tó wà lókè, àmọ́ bí ẹni tó ti jìnnà, bí ẹni pé wọ́n ti gbàgbé rẹ. Tí o bá fẹ́ sún mọ́ omi, ilẹ̀ á tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, dígà ò ní dún kọ́ kọ́ kọ́ mọ́, á máa dún bí ẹni ń jẹ ìrèké. Ẹ̀rù á bà ọ́ díẹ̀. Ó ń bà mí nígbà gbogbo."

Màmá Oníwèé ti gbé garawa sílẹ̀. Okùn fà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo dúró. Ó fà lẹ́ẹ̀kẹrin, bí tàwọn Kẹ́ńyà.

A fa ọmọ mi jáde, omi dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó bu díẹ̀ wá nínú ife. Ìyá náà gbà á, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Erùpẹ̀ wà níbẹ̀."

"Á tòrò."

"Nígbà wo?"

"Lọ́la."

"O máa wá lọ́la?"

"Mo máa wá."

Ó yíjú sí Màmá Oníwèé.

"Tó bá dé lọ́la, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́."

Kí oòrùn tó yọ dáadáa lọ́jọ́ kejì, mo ti wà lẹ́nu kànga.